Ẹ Yé Fi Ọbàtálá Dẹ́rù Ba Ẹni Tí Ìpéǹpéjú Rẹ̀ Ń Wálẹ̀

 

Obìnrin kan tọ̀ mí wá ní Ìjànikin ní ọ̀sẹ̀ Ifá kan nínú ọdún tí ó kọjá. Aṣọ ni ó ń tà, ọjọ́ orí rẹ̀ lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, ó sì ti wà nínú ẹgbẹ́ wa kí èmi tó dé ibẹ̀. Kí ó tó jókòó dáadáa ni ó ti na fóònù rẹ̀ sí mi. Àwòrán ojú òun fúnra rẹ̀ ni: ìpéǹpéjú òsì ti wálẹ̀ dé ìdajì ẹyinjú, ti ọ̀tún náà sì ti ń tẹ̀ lé e. Ó ní, "Bàbá, wọ́n fẹ́ bá mi gé e ní ilé iṣẹ́ abẹ ẹwà kan nínú ìgboro Èkó. Wọ́n ní láàárín wákàtí kan, ojú mi yóò padà sí bí ó ti wà nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge. Mo ti san owó àsansílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mẹ́nu bà á ní ìpàdé, ilé sì dàrú."

Ohun tí ó gbọ́ ní ìpàdé ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnìkan sọ fún un pé Ọbàtálá ni ó mọ ojú náà, àti pé ẹni tí ó bá fi abẹ kàn án, Ọbàtálá yóò kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹnì kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin ajìjàgbara kan tí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ pọ̀ ju ti olórìṣà lọ, rẹ́rìn-ín, ó ní ìwà lẹwà, kí ó lọ tún ìwà rẹ̀ ṣe. Ẹnì kẹta, tí òun náà ń jẹ́ babaláwo, ní kí ó mú òbúkọ kan àti owó wá kí òun lè bá a gba àyè lọ́wọ́ Ọbàtálá. Òbúkọ! Fún òrìṣà funfun tí gbogbo ayé mọ ìgbín mọ́! N kò ní sọ ju báyìí lọ lórí èyí. Ẹni tí kò mọ ohun tí òrìṣà ń jẹ, kò yẹ kí a máa bi í ní ohun tí òrìṣà kọ̀.

Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó béèrè ìdí tí ìpéǹpéjú náà fi wálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí Ọbàtálá bẹ̀rẹ̀, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pa àwọn ènìyàn lẹ́nu mọ́. Òtítọ́ ni pé Ọbàtálá ni alámọ̀ tí ó mọ ara ọmọ ènìyàn. Òtítọ́ sì ni pé àfín, abuké àti arọ jẹ́ ẹni òrìṣà, tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n láti orí "má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́" dé orí "má ṣe tọ́jú rẹ̀", ọ̀nà náà jìn. Ta ni ó rìn ín já? N kò ní ka ẹsẹ Ifá kankan níhìn-ín, nítorí pé nínú gbogbo èyí tí wọ́n kọ́ mi, n kò gbọ́ ọ̀kan tí ó sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi abẹ kan ìpéǹpéjú. Ẹni tí ó bá sọ pé òun ní in, kí ó sọ odù tí ó wà, kí ó sì sọ ẹni tí ó kọ́ ọ. A ti ń hun ẹsẹ Ifá jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí bí ẹni tí ń hun ẹní. Iṣẹ́ èdè ni mo sì ń ṣe jẹun, mo máa ń gbọ́ ibi tí okùn tuntun ti wọ inú ti àtijọ́.

Ẹ tún wo àwọn baba wa fúnra wọn. Wọ́n dá abẹ́ fún ọmọkùnrin. Wọ́n lu etí fún ọmọbìnrin. Wọ́n pa èjí sí eyín iwájú nígbà tí ti Ọbàtálá kò fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fín ara. Wọ́n sì kọ ìlà: àbàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́, kẹ́kẹ́, túré, tí Samuel Johnson to ọ̀pọ̀ nínú wọn sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó fi abẹ kan awọ ojú ti bá Ọbàtálá jà, a jẹ́ pé Ọ̀yọ́ láti òkè dé ilẹ̀ ni ó bá a jà. Ẹ̀yin kan náà tí ẹ ń gbé àwòrán arúgbó alábàjà sí ojú ewé yín, tí ẹ ń kọ "ẹwà wa" sí abẹ́ rẹ̀, ni ẹ tún yíjú padà tí ẹ ń sọ fún obìnrin yìí pé abẹ jẹ́ èèwọ̀. Ẹ mú ọ̀kan.

(Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń pè fún ìlà ọmọdé. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 kọ̀ ọ́, èmi náà sì kọ̀ ọ́. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ kò lè gbà.)

Ohun tí mo rí kọ́ lára àwọn olóólà yàtọ̀ sí èyí tí ẹ rí. Nínú gbogbo ìlà tí mo mọ orúkọ rẹ̀, kò sí ọ̀kan tí a ń kọ sórí ìpéǹpéjú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ gba abẹ, iwájú orí gba abẹ, ìpéǹpéjú kò gbà á. Àwọn olọ́wọ́ fífúyẹ́ wọ̀nyẹn mọ ibi tí ọwọ́ ti gbọ́dọ̀ dúró. Ìkejì, gbogbo ìlú mọ ilé olóólà. A mọ baba rẹ̀, a mọ ẹni tí ó kọ́ ọ, a mọ ọmọ ta ni ó kọ ilà fún tí ó jinná dáadáa àti ọmọ ta ni kò jinná. Kò sí ẹni tí ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ fún olóólà nítorí pé ó rí àwòrán lórí Instagram. Níhìn-ín ni mo ti rí ohun tí àṣà wa ní láti sọ lórí iṣẹ́ abẹ ìpéǹpéjú: kí o mọ ọwọ́ tí ó di abẹ mú, kí o sì mọ ohun tí o ń wá.

Ohun tí o ń wá ni ó ṣòro jù. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe ohun tí a fi ń ríran àti iwájú orí tí ayé fi ń dá wa mọ̀. Ojú ni méjèèjì. Ojú ni ó ń ríran, ojú náà ni ó ń ti ni, ojú ni a fọ̀ ní òwúrọ̀, ibi tí a sì ti ń bọ òrìṣà, ojúbọ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń rò pé àìtó ọ̀rọ̀ ni ó fa èyí. Èmi kò gbà. Bí obìnrin kan bá jókòó níwájú rẹ tí ó ní ojú ń dààmú òun, o gbọ́dọ̀ bi í pé: ojú tí o fi ń ríran ni, àbí ojú tí a fi ń rí ọ? Orí ìlà tí ó pín àwọn méjèèjì ni iṣẹ́ abẹ ìpéǹpéjú dúró sí. Nígbà tí Karl Ferdinand von Gräfe ará Jámánì fún iṣẹ́ yìí ní orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é títí di òní, ní ọdún 1818, títún ìpéǹpéjú tí àìsàn ti jẹ ṣe ni ó ń sọ. Ẹwà dé lẹ́yìn.

Ìdí rèé tí "ìwà lẹwà" ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fi bí mi nínú. Ìwà lẹwà jẹ́ òdiwọ̀n tí ènìyàn ń fi wọn ara rẹ̀. A ti sọ ọ́ di pàṣán tí a fi ń na obìnrin. Kò sí ẹni tí ń sọ fún ẹni tí eyín ń ro pé ìwà lẹwà. Obìnrin yìí ti ń gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè kí ó tó lè rí oníbàárà tí ó dúró níwájú rẹ̀. Èwo ni ti ìwà nínú ìyẹn?

Mo mọ̀ pé ìbínú àwọn ajìjàgbara ní ìdí, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé kò ní. Ẹni tí ó ti rí bí a ṣe ń bó ara ní Èkó yóò máa fura sí ohunkóhun tí ó bá ń yí ojú Yorùbá padà. Ìtàn iṣẹ́ abẹ yìí náà ní abala tí ó yẹ ká fura sí. Dókítà ará Japan kan, Mikamo, kọ ní ọdún 1896 nípa bí òun ṣe fi òwú rán ìpéǹpéjú tí kò ní ìṣẹ́po kí ó lè ní in. Ní àwọn ọdún 1950, lẹ́yìn ogun Korea, David Ralph Millard, oníṣẹ́ abẹ tí ó bá àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ síbẹ̀, gé ìpéǹpéjú àwọn ará Korea. Ògbufọ̀ kan tí ó fẹ́ kí ojú òun yí sí irú ti àwọn ará Amẹ́ríkà wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ ará Korea lónìí yóò sọ fún ọ pé kì í ṣe aláwọ̀ funfun ni àwọn ń fara wé, ìpéǹpéjú oníṣẹ́po wà láàárín àwọn náà láti ìbí. Mo gbà wọ́n gbọ́. Síbẹ̀, ogun ni ó kọ́kọ́ gbé abẹ náà dé ọ̀dọ̀ ògbufọ̀ yẹn.

Ní tiwa, ẹ lọ wo àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938. Ẹ sún mọ́ wọn. Ní igun ojú lọ́hùn-ún, ìpéǹpéjú òkè gùn kọjá, ó sì bo etí ti ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sẹ́yìn ti wo ìpéǹpéjú ènìyàn fínnífínní kí ó tó fi ìda mọ ọ́n. Àwọn ọmọge wa tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n fa igun ojú wọn sókè kí ó lè dà bí ti ológbò, n kò ní sọ fún wọn pé èèwọ̀ ni. N ó sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo ojú tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀.

Ó tó. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí abẹ náà ń ṣe, nítorí pé àwa tí à ń kìlọ̀ fún ènìyàn kì í sábà mọ̀ ọ́n.

Awọ ìpéǹpéjú ni ó tín-ín-rín jù lọ ní gbogbo ara. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tan omi ojú ká orí ẹyinjú ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣẹ́jú, kí ó sì sé ojú nígbà tí a bá sùn. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, awọ náà máa ń dẹ̀, ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ a sì máa yọ síta. Oníṣẹ́ abẹ yóò fún ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ó ro ni, yóò la ìpéǹpéjú òkè ní ibi tí ó ti máa ń ṣẹ́po kí àpá lè fara pamọ́, yóò gé awọ tí ó pọ̀ jù, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọ̀rá díẹ̀, yóò sì rán an. Ti ìsàlẹ̀, ó lè gbà á lábẹ́ irun ìpéǹpéjú tàbí láti inú lọ́hùn-ún. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ń yọ òwú. Ojú yóò wú, yóò dúdú bí ẹni tí wọ́n lù, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó bá sọ fún ọ pé o máa lọ sí òde àríyá ní ọjọ́ kẹta, irọ́ ni ó ń pa.

Awọ tí wọ́n bá gé kò ṣe é dá padà. Àṣìṣe tí ó burú jù ni kí wọ́n gé e jù. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ máa ń wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó gé, wọ́n sì máa ń fi nǹkan bí mìlímítà 20 awọ sílẹ̀ láàárín ìpéǹpéjú àti irun ojú òkè. Bí ó bá dín jù, ojú kò ní lè dé mọ́. Ojú tí kò bá dé ní òru yóò gbẹ, yóò sì dọ́gbẹ́. Ẹ fojú inú wo ojú bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀kadà láti Ìyànà-Ìbà dé Ìjànikin, nínú eruku ọ̀nà Àgbádárìgì tí wọ́n ti ń tún ṣe láti ọdún 2009. Nítorí náà, ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń gbẹ tẹ́lẹ̀, tí ó máa ń ta á bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó mú abẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn gẹ̀gẹ̀, tàbí ìfúnpá inú ẹyinjú tí wọ́n ń pè ní glaucoma.

Ewu kan wà tí kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n tí ó lè fọ́ni lójú. Ẹ̀jẹ̀ lè dà sí ẹ̀yìn ẹyinjú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ó sì máa tẹ iṣan tí ó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Bí ojú bá ń ro ọ́ gidigidi, tí ẹyinjú ń yọ síta, tí ìríran sì ń ṣókùnkùn, má ṣe dúró de òwúrọ̀, má ṣe pe babaláwo, má ṣe pe èmi. Padà lọ bá ẹni tí ó gé e ní wákàtí yẹn gan-an. Nítorí rẹ̀ ni o ṣe gbọ́dọ̀ béèrè, kí o tó san kọ́bọ̀ kan, pé ta ni yóò gbé fóònù mi ní agogo méjì òru? Bí wọn kò bá ní ìdáhùn, dìde.

Àpá tí ó máa ń wú bí ìkókó lára awa aláwọ̀ dúdú kò wọ́pọ̀ lórí ìpéǹpéjú. Ṣùgbọ́n bí ìlà abẹ bá gùn kọjá ìpéǹpéjú lọ sí ẹ̀bátí, ibẹ̀ lè dúdú tàbí kí ó hàn. Ẹni tí ó mọ̀ pé ara òun máa ń wú báyìí, kí ó fi àpá rẹ̀ àtijọ́ han dókítà.

Ní ti ọwọ́ tí ó di abẹ mú: orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé MDCN, ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Èyí nìkan kò tó, nítorí pé ó kàn ń sọ pé dókítà ni. Béèrè ibi tí ó ti kọ́ iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara tàbí ti ojú, bóyá lábẹ́ West African College of Surgeons tàbí National Postgraduate Medical College. Béèrè bóyá ó wà nínú NAPRAS, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara. Ilé tí ó ti fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ní ìwé HEFAMAA ti Ìpínlẹ̀ Èkó, kí ó lẹ̀ mọ́ ògiri níbi tí o ti lè kà á. Béèrè iye ìpéǹpéjú aláwọ̀ dúdú tí ó ti gé. Kò sí àrífín nínú rẹ̀. Bí a ṣe ń béèrè ilé olóólà náà nìyẹn.

Ẹ má sì ṣe rò pé owó tàbí òkè òkun ń dáàbò boni. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà, kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹwà ní Marbella ní Spain. Ní ọdún 2009 ilé ẹjọ́ ibẹ̀ dá dókítà náà lẹ́bi. Níhìn-ín, ní ọdún 2020, àjọ FCCPC ti ilé iṣẹ́ abẹ ẹwà kan pa ní Èkó lẹ́yìn tí obìnrin kan kú, ó sì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ti ìpéǹpéjú kọ́ ni méjèèjì, ikùn àti ọ̀rá ara ni, iṣẹ́ tí ó wúwo jù ú lọ. Ṣùgbọ́n àìbéèrè kan náà ni.

Mo padà sí ọ̀dọ̀ obìnrin mi. Mo dá Ifá fún un, ohun tí Ifá wí fún un, tirẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni mo bi í ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni lè bi í: ṣé bákan náà ni ojú yìí ṣe ń rí ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní rárá o, ní òwúrọ̀ ó máa ń là dáadáa, nígbà tí òun bá fi máa ti ṣọ́ọ̀bù ni ó ti wálẹ̀ tán. Ó ní nígbà mìíràn òun máa ń rí ènìyàn kan ní méjì. Ó ní ẹran alẹ́ máa ń rẹ òun lẹ́nu kí òun tó jẹ ẹ́ tán, òun rò pé eyín ni.

Ìpéǹpéjú kì í wálẹ̀ fún ìdí kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ awọ tí ó dẹ̀, èyí tí iṣẹ́ abẹ ẹwà wà fún. Ó lè jẹ́ iṣan tí ń gbé e sókè ni ó rẹ̀, iṣẹ́ abẹ mìíràn gbáà ni tìyẹn. Ó lè jẹ́ gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ irun ìpéǹpéjú àtọwọ́dá ni ara kọ̀, tí ó sì wú. Ó sì lè jẹ́ pé àìsàn kan nínú ara ni ó ń fi ojú sọ̀rọ̀. Bí ó bá wálẹ̀ lójijì ní ọjọ́ kan, pẹ̀lú orí fífọ́, tàbí tí ẹnu yí, tàbí tí ọwọ́ kan kò gbé mọ́, ilé ìwòsàn ní wákàtí yẹn. Èyí tí ó máa ń yí padà láàárín òwúrọ̀ àti alẹ́, tí rírí nǹkan ní méjì tẹ̀ lé, kò yẹ kí abẹ sún mọ́ ọn kí dókítà tó wádìí rẹ̀.

Mo ní kí ó lọ bá dókítà ojú ní ilé ìwòsàn ìjọba, kí ó sì sọ gbogbo ohun tí ó sọ fún mi. Ó lọ. Ó pẹ́, wọ́n fi í ránṣẹ́ láti yàrá kan sí èkejì. Myasthenia gravis ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀: ọ̀nà tí ọpọlọ fi ń bá iṣan sọ̀rọ̀ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ara fúnra wọn ń bàjẹ́. Oògùn oníhóró ni wọ́n fún un. Bí wọ́n bá ti gé ìpéǹpéjú náà ni, àìsàn yóò ṣì wà níbẹ̀; àìsàn yìí sì lè dé ibi èémí, àwọn oògùn kan tí wọ́n fi ń kun ènìyàn lóorun léwu púpọ̀ fún ẹni tí ó ní in. Ilé ẹwà tí ó gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò bi í ní nǹkan kan ju ọjọ́ tí ó fẹ́ wá lọ. Àwa náà kò bi í. Èyí tí wọ́n ṣe nítorí owó, àwa ṣe é nítorí Ọbàtálá. N kò mọ èwo ni ó burú jù.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti àwa ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ nìkan, tí dókítà kò ní mọ̀ láti sọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, kí ó sọ gbogbo àgbo tí ó ń mu fún dókítà, kí ojú má ṣe tì í. Aáyù àti ata ilẹ̀ tí a fi ń se oògùn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dá, gẹ́gẹ́ bí aspirin ṣe lè ṣe. Ọ̀pọ̀ àgbo wa ni ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀n irú agbára bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Dókítà ni yóò sọ ìgbà tí ó yẹ kí a dá wọn dúró. Ẹ ṣe ẹbọ yín ṣáájú. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, omi odò, omi ewé, ọmú ìyá, oyin, kò sí ọ̀kan tí ó gbọ́dọ̀ kan ojú náà. Ìforíbalẹ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ dúró títí dókítà yóò fi gbà á láyè, nítorí pé títẹ orí sísàlẹ̀ ń rọ́ ẹ̀jẹ̀ lọ sí ojú. Òrìṣà mọ ẹni tí ó ń tọ́jú ọgbẹ́. Gèlè tí a dì le mọ́ iwájú orí, ẹ fi í sílẹ̀ títí ọgbẹ́ yóò fi san.

Àti tìróò. Mo mọ̀ pé èyí yóò dun àwọn kan, nítorí pé a ti gbé e sórí àtẹ gẹ́gẹ́ bí ẹwà ìbílẹ̀ tí kò lábùkù. Ní ọdún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Tìróò tí wọ́n rà nílé, tí wọ́n ń lé sí i lójú kí ó lè rẹwà kí ó sì ríran dáadáa, ni wọ́n yẹ̀ wò: ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ òjé. Àjọ CDC gbé e jáde ní ọdún 2012. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹni tí ó bá ń fi Ọbàtálá dẹ́rù ba obìnrin nítorí abẹ, tí ó sì ń ta tìróò fún ìyá ọlọ́mọ lẹ́nu ọ̀nà ìpàdé, kí ó wò ó dáadáa bóyá Ọbàtálá kò rí òun náà.

Obìnrin náà ń lo oògùn rẹ̀. Ojú ti ń là títí di alẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, kì í ṣe ní gbogbo ọjọ́. Owó àsansílẹ̀ rẹ̀ kò tíì padà. Ní ìpàdé wa tí ó ń bọ̀, n ó gbé ọ̀rọ̀ òbúkọ yẹn kalẹ̀ níwájú gbogbo ilé, kí ẹni tí ó béèrè rẹ̀ wá ṣàlàyé fún wa.